Ọtí pa àbúrò mi, ó bá ọlọ́pàá wọ̀yá ìjà: kí ni òfin Nàìjíríà máa ṣe fún un?

Ọmọ Ọlọ́jà
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá ni mo jókòó sí bí mo ṣe ń tẹ èyí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 27, lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án òní. Wọ́n ní ó mutí kọjá ààlà. Nígbà tó jáde sójú títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí ọkọ̀ bí ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́, ó ń bú àwọn tó ń kọjá, ó sì fọwọ́ gbá iwájú mọ́tò ẹnì kan gbàgà. Ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń káàkiri dúró. Wọ́n ní kó wọlé, ó ní òun ò wọ̀. Wọ́n fà á, òun náà fà wọ́n. Ẹ̀wù ọ̀kan nínú wọn ya láti ọrùn dé ìdodo, bọ́tìnì fọ́n sílẹ̀.

Ọlọ́pàá tó wà ní kọ́ńtà sọ pé ẹ̀sùn méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀: pé ó dá àlàáfíà ìlú rú, àti pé ó kọ̀ kí wọ́n mú òun. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọtí ló ṣe é, kò mọ ohun tó ń ṣe." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ sọ ìyẹn fún adájọ́.

Ẹ gbà mí o. Ṣé ọ̀ràn ni kéèyàn yó ni? Ṣé wọ́n lè torí ẹ̀wù sọ ọmọ ẹni sẹ́wọ̀n? Kí ni kí n ṣe lálẹ́ yìí?

Ẹ̀rín Kèékèé
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì yọ kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni o. Mo ń dúró de àwọn tó mọ̀ ọ́n, torí èmi náà ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀ nílé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Kí ọ̀rọ̀ òfin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ fojú ara yín rí i. Kì í ṣe kẹ́ ẹ dúró ní kọ́ńtà kẹ́ ẹ máa bi wọ́n pé "ṣé ó ti sùn?" Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ mì í léjìká. Ẹni tí ọtí lásán ń pa á dáhùn, ì báà jẹ́ èébú ló máa fi dáhùn. Tí kò bá dáhùn rárá, tàbí tí ìhanrun rẹ̀ ṣàjèjì sí yín, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dúró kó tó tún mí, tàbí tí ètè rẹ̀ ti ń ṣú, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó sì jẹ́ pé ó jà, ẹ fọwọ́ pa orí rẹ̀ wò bóyá ibì kan wú.

Wọ́n ti gbé èèyàn wá bá wa rí tí gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e ń búra pé ọtí ni. Ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Òmíràn, orí ló fi sọ kọnkéré. Òórùn ọtí lẹ́nu kì í ṣe ẹ̀rí pé ọtí nìkan ló ń ṣe é.

Ẹ ní kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kó má fẹ̀yìn lélẹ̀, nítorí èébì. Ẹ má wá kọfí kiri, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da omi tútù lé e lórí. Kò sí èyí tó ń dá ọtí lójú èèyàn nínú méjèèjì. Àsìkò nìkan ló ń dá a.

Ọmọ Ọlọ́jà
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n jẹ́ kí n rí i. Ó pè mí ní "olè," nítorí náà mo rò pé ara rẹ̀ le.

Lọ́yà Ìdíkọ̀
Ẹ kú ìdààmú, ẹ̀gbọ́n. Ilé ẹjọ́ májísíréètì ni mo ti ń jẹun, nítorí náà ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀sùn méjèèjì yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Èyí àkọ́kọ́, ìwà tó lè dá àlàáfíà rú níta gbangba, wà ní abala 249 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwa níbí ń lò. Ọ̀ràn kékeré ni, òpin rẹ̀ kò ju ẹ̀wọ̀n oṣù 1 lọ. Ìkejì ni kẹ́ ẹ dójú lé. Kéèyàn lu ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó bá a fà á, tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ dí i lọ́wọ́, abala 356 ló wà, ọdún 3 ni. Ariwo tó pa lójú títì, oṣù 1. Ọwọ́ tó fi gbá ọlọ́pàá mú, ọdún 3. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń wá bá mi pé ọtí fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà ń kó èèyàn sí wàhálà. Ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi ń gbìyànjú láti kó o sínú ọkọ̀ ni. Tí wọ́n bá sì fẹ́ le mọ́ ọn, wọ́n lè fi ẹ̀wù tó ya ṣe ẹ̀sùn kẹta, bíba nǹkan jẹ́, abala 451.

Ẹ má torí ọdún 3 máa sunkún o. Òkè pátápátá tí adájọ́ lè gùn dé nìyẹn, kì í ṣe ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ọ̀ràn ni kéèyàn yó? Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ẹ bi pásítọ̀ tàbí àfáà yín. Ní ti ìjọba, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 36, sọ pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí kò sí nínú ìwé òfin pẹ̀lú ìyà rẹ̀. Ìlànà yìí ti pẹ́. Ní 1961, nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, ilé ẹjọ́ gíga fi tú obìnrin kan sílẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ti dá lẹ́bi àgbèrè, torí kò sí ìwé òfin kankan ní Gúúsù tó pe àgbèrè ní ọ̀ràn. Nítorí náà, ohun tẹ́ ẹ máa rí nínú ìwé ẹ̀sùn àbúrò yín kì í ṣe "ó mutí." Ohun tó ṣe nígbà tọ́tí wà lójú rẹ̀ ni wọ́n máa kọ: ó dí ọ̀nà, ó bú èèyàn, ó gbá mọ́tò. Lókè Ọya, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tiwọn ka ìmutípara níta gbangba sí ọ̀ràn láyè ara rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ti gba òfin Ṣàríà wọlé, bíi Zamfara ní 2000, sì ní ẹgba 80 fún Mùsùlùmí tó bá mutí, bó yó bí kò yó.

Ọmọ Ọlọ́jà
Lọ́yà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n pé kò mọ ohun tó ń ṣe ńkọ́? Òótọ́ ni mo sọ o. Nígbà tí mo rí i, kò mọ orúkọ ara rẹ̀.

Lọ́yà Ìdíkọ̀
Ibi tí gbogbo ẹbí ti máa ń kọsẹ̀ nìyẹn. Abala 29 nínú òfin kan náà ló sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, àwíjàre tó sì fún ọ̀mùtí kò pọ̀. Ọtí kì í ṣe àwíjàre, ó tán. Àyè tó ṣẹ́ kù: bí ẹlòmíràn bá da nǹkan sínú ohun tó mu láìjẹ́ pé ó mọ̀, tí kò sì mọ ohun tó ń ṣe mọ́, tàbí bí ọtí bá ti sọ ọ́ di wèrè ní ti gidi, yálà fúngbà díẹ̀ tàbí títí. "Wèrè" tí mò ń wí yìí, ti dókítà ni, kì í ṣe èyí tá a fi ń bú ara wa.

Ó tún ku ọ̀nà tóóró kan. Abala yẹn kan náà ní kí adájọ́ wo ọtí mọ́ ọn tó bá ń gbé e yẹ̀wò bóyá ẹni náà ní èrò tí ẹ̀sùn náà nílò lọ́kàn. Àpẹẹrẹ: òfin ní ẹni tó bá "mọ̀ọ́mọ̀" dí ọlọ́pàá lọ́wọ́. Tí lọ́yà yín bá lè fi hàn pé ó ṣubú lu ọlọ́pàá ni, kì í ṣe pé ó kọlù ú, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ láti bá adájọ́ sọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ dúró ní kọ́ńtà kẹ́ ẹ máa pariwo "kò mọ ohun tó ń ṣe," ẹ ti jẹ́rìí sí i pé ó ṣe é nìyẹn.

Bàbá Kóńdó
Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, nítorí náà mo lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ kò ní sọ.

Tá a bá bá ọ̀mùtí pàdé lójú títì, ohun tá a fẹ́ ni kó kúrò níbẹ̀. Ìwé kíkọ pọ̀, sẹ́ẹ̀lì ń rùn, ọ̀mùtí a sì máa bì sínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ní kí ọ̀rẹ́ ẹni wá mú un lọ sílé, ó parí. Ohun tó ń yí ọ̀rọ̀ padà ni ọwọ́. Tó bá ti gbá wa lọ́wọ́ dànù, tó di ọrùn ẹ̀wù wa mú, tó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú kó má bàa wọlé, kò sí ọ̀nà tá a fi lè tú u sílẹ̀ mọ́ kí ọ̀gá wa má béèrè pé kí ló ya ẹ̀wù rẹ. Ẹ̀wù yẹn gan-an a di ẹ̀rí. Bọ́tìnì tó já, inú ọ̀rá kékeré kan la máa kó o sí, a ó kọ ọjọ́ àti orúkọ sára rẹ̀, a ó sì tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ de ọjọ́ ẹjọ́. Ẹ má fi bọ́tìnì ṣeré o. Mo ti rí ọ̀rá bọ́tìnì tó fi ẹnu lọ́yà ńlá gbẹ.

Ẹ fetí sí èyí náà: èébú nìkan kì í ṣe kíkọ̀. Èèyàn lè máa ṣépè fún mi títí tá a fi dé àgọ́, níwọ̀n ìgbà tó bá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, n kì í kọ ọ́ pé ó bá mi fà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa la ní irú sùúrù yẹn.

Mo rí ẹbí tó sọ ẹ̀sùn ẹnì kan di ti ẹni mẹ́rin. Ìyá fa ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rẹ́ fa ọwọ́ òsì, wọ́n ní "ẹ fi sílẹ̀, ọmọ dáadáa ni." Gbogbo wọn la kó. Ẹni tó fẹ́ já ẹlòmíràn gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá ti wọnú abala 356 kan náà.

Ẹ̀tọ́ Mi Ni
Gbogbo yín ń dẹ́rù ba obìnrin yìí. Òfin ní mímú tó bófin mu nìkan ni èèyàn ò gbọdọ̀ kọ̀. Ṣé wọ́n fi ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ hàn án ni? Ṣé wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi mú un? Ẹni tí wọ́n mú lọ́nà àìtọ́ lè já ara rẹ̀ gbà. Ẹ lọ kàwé.

Lọ́yà Ìdíkọ̀
Mo ti kà á, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ wà nínú ìdajì ohun tẹ́ ẹ sọ, ìdajì kejì ló lè rán ọmọ ẹni lẹ́wọ̀n.

Òótọ́ ni pé mímú náà gbọ́dọ̀ bófin mu, kí ọlọ́pàá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀sùn kíkọ̀ tó lè dúró. Tí ọlọ́pàá tí kò wọṣọ iṣẹ́, tó ń bá ẹnì kan jà lórí owó àyálò, bá gbá a mú, "iṣẹ́" kọ́ nìyẹn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, sọ ọ́ gbangba pé a kì í mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀, a kì í sì í mú ẹ̀gbọ́n dípò àbúrò. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti ń ṣe tiwọn. Èkó ti bẹ̀rẹ̀ láti 2007.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kọ́ ló kàn níbí. Ojú ọlọ́pàá ni ọmọ yìí ti ń gbá mọ́tò. Ẹni tó bá ń ṣe é lójú wọn, wọ́n lè mú un láìsí ìwé kankan. Ìdí mímú náà, òfin ní kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni náà lójú ẹsẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ká a mọ́ ọn. Wọ́n ká àbúrò wọn mọ́ ọn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pẹ̀lú, òfin ní kí wọ́n má kàn sọ ọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí ìbẹ̀rù ìjà tàbí sísá. Ẹni tó ń jà ti fún wọn ní ìdí.

Ká tiẹ̀ wá gbà pé mímú náà kò tọ́. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Adájọ́ ni, lẹ́yìn oṣù bí i mélòó kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọlọ́pàá mẹ́ta pẹ̀lú ìbọn lẹ dojú kọ. Ẹ sọ pé "mi ò gbà, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀," kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kí ẹni tí wọ́n mú lọ́nà tí kò bófin mu gba owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ níta gbangba, abala 35 ló wà. Ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ ti délé láàyè lẹ lè béèrè fún un.

Ẹ̀tọ́ Mi Ni
Ó dáa, mo gbọ́ ti "délé láàyè" yẹn.

Ará Òkè Òkun
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi tibí kún un. Mò ń gbé ní London. Níbí, ìmutípara pẹ̀lú ìwà jágbajàgba níta gbangba jẹ́ ọ̀ràn fúnra rẹ̀ nínú òfin ti 1967, owó ìtanràn ni, ó lè tó £1,000. Kíkọ̀ fún ọlọ́pàá wà nínú òfin ọlọ́pàá ti 1996, ẹ̀wọ̀n oṣù 1 tàbí owó ìtanràn. Ní ti ọtí gẹ́gẹ́ bí àwíjàre, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà ti tì í pa nínú ẹjọ́ Majewski ní 1976: ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ mutí, tó sì lu ọlọ́pàá, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà ló tilẹ̀ fọ̀nà míì gbà. Láti oṣù kọkànlá 2023, ìmutípara níta kì í ṣe ọ̀ràn níbẹ̀ mọ́, wọ́n á gbé ẹni náà lọ síbi tí ọtí á ti dá lójú rẹ̀. Tó bá lu èèyàn, ìyẹn lọ́tọ̀.

Alábòójútó
A dúpẹ́, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti mú ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ ká dúró ti Nàìjíríà.

Ọmọ Ọlọ́jà
Ẹ má bínú, mo tún dé. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà ti dé. Ó ní òun fẹ́ gba sítétímẹ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ó tún fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní béèlì jẹ́ ₦50,000, pé tí mo bá san án kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn ò ní kọ ẹ̀wù sínú ìwé. Kí ni kí n ṣe?

Lọ́yà Ìdíkọ̀
Sítétímẹ́ǹtì kọ́kọ́. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìgbé ohùn sókè, pé ọmọ náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọtí, pé ẹ bẹ̀ ẹ́ kó di àárọ̀. Abala 35 fún àbúrò yín láṣẹ láti panu mọ́ títí á fi bá lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Òfin 2015 yẹn tún gbà pé lọ́yà, tàbí òṣìṣẹ́ àjọ tó ń ṣe ìrànwọ́ òfin fún aláìní, tàbí èèyàn tó bá yàn, lè jókòó tì í nígbà tó bá ń sọ tẹnu rẹ̀. Tó bá jẹ́ Yorùbá ló yé e jù, kó sọ Yorùbá. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ padà fún un kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ògbufọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Mo ti rí ibi tí ọmọ ti sọ pé "wọ́n ń fà mí, mo sì ń bọ́ lọ́wọ́ wọn," tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì wá kọ ọ́ pé ó lu ọlọ́pàá. "Bọ́ lọ́wọ́" àti "lu" kò jọra.

Béèlì ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn fúnra wọn, ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn yín ló wà. Oníduùró tó ní àdírẹ́sì àti iṣẹ́ ni ẹ nílò. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé obìnrin ò lè dúró fún èèyàn, òfin kọ ìyẹn. Ní ti ₦50,000, ẹ̀gbọ́n, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á ló jẹ̀bi. Ẹ má pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lójú rẹ̀ o, mo bẹ̀ yín. Ẹ kàn ní "ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá lọ́yà wa sọ̀rọ̀."

Tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí àgọ́ náà, ọjọ́ 1 péré ni ìwé òfin ilẹ̀ wa fún wọn kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Ó kù díẹ̀ káàtó pé Sátidé la wà. Adájọ́ kì í jókòó lọ́la, ọ̀pọ̀ àgọ́ a sì máa fi ìyẹn ṣàwáwí títí di Mọ́ńdè. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ béèrè fún béèlì lọ́wọ́ ọ̀gá àgọ́ lọ́la, kẹ́ ẹ má sì jáwọ́ nínú bíbéèrè.

Bàbá Kóńdó
Kí n fi kékeré kan kún un. Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀: fóònù, owó, aago, bẹ́líìtì. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí òun tàbí ẹ̀yin fọwọ́ sí i. Ọ̀mùtí kì í rántí iye tó wà lápò rẹ̀, àwọn kan nínú wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì rí ọlọ́pàá tí ẹ̀wù rẹ̀ ya, ẹ kí i. Ẹ ní "ọ̀gá, ẹ má bínú sí ọmọ yìí." Owó kọ́. Ó ń lọ sílé lọ bá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àyà lásán. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ kì í jẹ́rìí bí ẹni tí wọ́n fojú di.

Wọ́n Ti Mú Mi Rí
Ọdún bíi mélòó sẹ́yìn, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi, ìlú míì ni. Mo mutí yó lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, mo bá ọlọ́pàá fà á. Nígbà tá a dé ilé ẹjọ́, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí sọ sí mi létí pé "sọ pé o jẹ̀bi, wọ́n á ní kó o san owó díẹ̀, wàá lọ sílé lónìí." Mo jẹ̀bi. Mo sanwó. Mo dé ilé lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ìyá mi sì se àmàlà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ rìnrìn-àjò, wọ́n ní kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀bi yẹn nínú rẹ̀. Mi ò lọ mọ́. Ẹ sọ fún àbúrò yín: tí wọ́n bá ka ẹ̀sùn fún un, kó má torí pé ó fẹ́ tètè sùn nílé sọ pé òun jẹ̀bi, tí lọ́yà kò bá tíì bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́yà Ìdíkọ̀
Ẹ tẹ èyí mọ́ ọkàn. Kò túmọ̀ sí pé kéèyàn máa purọ́ o. Ìgbà mìíràn wà tí sísọ pé "mo jẹ̀bi" dára jù, pàápàá lórí ẹ̀sùn kékeré, lẹ́yìn tí lọ́yà bá ti bá olùpẹjọ́ sọ ọ́ kí wọ́n yọ ńlá kúrò. Òfin 2015 yẹn tún fún adájọ́ láyè láti ní kí ẹni tó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré gbá ìgboro dípò ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí kò tíì ṣẹ̀ rí, tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó bẹ ọlọ́pàá tí ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó ní ohun tó lè kó síwájú adájọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ló ń ba èèyàn jẹ́, nígbà tí kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́jà (lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún)
Ẹ kú ìdúró o. Mi ò gbàgbé yín.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo ní kí n bá lọ́yà sọ̀rọ̀, ọ̀gá náà sì bínú jáde. Kò gba sítétímẹ́ǹtì lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n bàbá wa wá, àwa méjèèjì jókòó tì í, ó sọ tẹnu rẹ̀ ní Yorùbá, wọ́n kà á padà. Ibì kan wà tí wọ́n kọ pé "ó gbé ẹ̀ṣẹ́," a ní ẹ jọ̀ọ́, kò sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n pa á rẹ́, ó fọwọ́ sí i. Béèlì kò bọ́ sí i. Wọ́n ní ọ̀gá àgọ́ kò sí nílé.

Mọ́ńdè la dé ilé ẹjọ́. Lọ́yà tí ẹnì kan nínú yín júwe fún mi lójú ìwé ìkọ̀kọ̀ ló bá a dúró (Ọlọ́run á san án fún yín). Ó ní òun kò jẹ̀bi. Adájọ́ fún un ní béèlì pẹ̀lú oníduùró méjì, ọ̀kan nínú wọn kó jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Èmi ni mọ̀lẹ́bí náà, obìnrin bí mo ṣe wà, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Oṣù tó ń bọ̀ la tún máa padà síbẹ̀.

Mo rí ọlọ́pàá tí ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ọmọdé ni, kò ju àbúrò mi lọ. Mo kí i bí Bàbá Kóńdó ṣe ní kí n ṣe, àbúrò mi náà dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó ní kó dìde, ilẹ̀ náà dọ̀tí.

Àti ọ̀rá bọ́tìnì tí Bàbá sọ: òótọ́ ni. Olùpẹjọ́ gbé e sókè. Ìwé ẹ̀sùn kọ ọ́ pé bọ́tìnì mẹ́rin ló já. Lọ́yà wa ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kó wọn jáde, kí òun kà wọ́n. Mẹ́ta ni.

Bàbá Kóńdó
Ọ̀kan á wà lábẹ́ àga ọkọ̀ wọn. Ẹ ní kí wọ́n lọ wá a.

Lọ́yà Ìdíkọ̀
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.